Ère Ń Ṣọ́ Bèbè, Ta Ló Ń Ṣọ́ Omi?

Ìyàwó, fa àpótí yẹn sún mọ́ mi, kó o bá mi já ẹ̀fọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tó o bi mí lánàá, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, torí bàbá onílé wà nítòsí. Bí bàbá yẹn bá ti gbọ́ Ọ̀ṣun báyìí, orí Láròóyè, ọba àkọ́kọ́ ìlú wa, ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú kí wọ́n tó dé orí ọba kejì. O ní kí ló dé tó jẹ́ pé omi inú ọ̀rá làwọn èèyàn ń rù lọ sí ọdún Ọ̀ṣun, ṣé odò ọ̀hún ti gbẹ ni. Kò gbẹ o. Ó kún dáadáa. Àwọ̀ ẹ̀ ni kó o lọ wò.

O mọ tíì onímílíìkì tí àbókí oríta máa ń dà láti inú kọ́ọ̀bù kan sí èkejì, tó máa ń hó kùrùkùrù? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odò Ọ̀ṣun rí. Má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Omi yẹn a máa pọ́n díẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí òjò ńlá bá rọ̀, bó bá sì dá, á tún mọ́ padà. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2020 tó dé ló ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, àwọ̀ kan náà ni.

Ó wá dé oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọdún Ọ̀ṣun ti ku fẹ́ẹ́, àlejò ti ń wọ̀lú láti òkè òkun, yàrá òtẹ́ẹ̀lì ti di nǹkan tí wọ́n ń jà sí. Ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa bá kéde pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi Ọ̀ṣun. Ìyàwó, ṣé o gbọ́ mi? Ẹ lè bọ odò, ẹ lè kí odò, ẹ lè jó dé etí odò, ẹ má sáà gbé odò sẹ́nu. Omi tí wọ́n fi ń tọrọ ọmọ! Omi tí àgàn ń bù nínú igbá tó ń wárìrì! Àwọn kan sì mu ún síbẹ̀, wọ́n tún rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Èmi ò bá wọn wí. Ẹni tó bá ti wá ọmọ dé ojú omi, kì í ṣe ìkéde rédíò ló máa dá a padà.

Rọra já ewé yẹn, igi ẹ̀ ò ṣeé jẹ.

Ẹni tó bà á jẹ́? Wo ẹ̀yìn ẹ ná, ògiri létí. Góòlù ni. Kì í ṣe èyí tó wà lọ́rùn ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ìyẹn kì í ṣe góòlù rárá, ọjọ́ tó bá lágùn-ún ni ọrùn ẹ̀ á di aláwọ̀ ewé. Góòlù gidi ni mò ń sọ, èyí tó wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, àwọn odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń dà sínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Òṣogbo, kó tó máa bá tiẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kkí. Àwọn awagóòlù á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi odò, wọ́n á fi omi yẹn fọ erùpẹ̀ títí góòlù á fi yọ. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Inú odò náà ni. Àwọn mìíràn tún ń lo mákúrì, irin olómi kan báyìí, òun ló máa ń gbá góòlù wẹ́wẹ́ jọ. Wọ́n á gbé e ka iná kí mákúrì bá èéfín lọ, kí góòlù ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé, ìwọ mákúrì, níbo lò ń lọ? Ilẹ̀ àti omi kan náà ló ń padà sí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nílùú yìí, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Urban Alert, bu omi Ọ̀ṣun lọ fún àyẹ̀wò ní 2021. Èsì tó jáde ò dùn-ún gbọ́ létí: àwọn irin olóró inú ẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tó yẹ kó wà nínú omi tí èèyàn ń mu. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún ọ pé irin ò pààyàn, kó béèrè Zamfara. Ní 2010, òjé tó bá òkúta góòlù jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ló pa ọmọdé tó lé ní 400. Inú àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta ọ̀hún, níbi tí ọmọ ti ń rákò.

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin Alàgbà! Ẹ kú iṣẹ́ o! … Ó ti wọlé? Ṣó o rí i bó ṣe yẹra fún ojú mi? Owó gààrí mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ìgbà àwẹ̀. Ó dáa, a ó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Kì í ṣe góòlù ni mo fẹ́ sọ gan-an. Àdùnní ni. O ò mọ Àdùnní? Ìwọ wá láti Ọ̀yọ́, mi ò bá ẹ jà. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tó ṣáájú àwọn tó mọ ère inú igbó Ọ̀ṣun. Susanne Wenger lorúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ní 1950 ni òun àti ọkọ ẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà. Ọkọ ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn. Ìbàdàn ò tẹ́ obìnrin yẹn lọ́rùn. Àárín àwọn òyìnbó tó ń mu tíì nírọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ó di Ẹdẹ. Ní Ẹdẹ, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ Ajàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé o, torí èdè ò pa wọ́n pọ̀. Bàbá yẹn ló fà á wọnú awo. Lẹ́yìn Ẹdẹ, Ìlobùú. Lẹ́yìn Ìlobùú, Òṣogbo wa níbí.

Òun àti Beier tú ká. Ta ló wá fẹ́? Onílù! Lásísì Àyánṣọlá, onílù ọmọ Àyàn. Èmi ò sí níbẹ̀ o, wọn ò tíì bí mi, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ ọ́ bíi pé àná ni. Wọ́n ní òyìnbó fi ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ó gba onílù, àwọn ará ìlú ò mọ̀ bóyá kí àwọn kí i ni àbí kí àwọn bá a kẹ́dùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn wà ní ọ̀nà Ìbòkun títí dòní, ère tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á kí òpó. Níbẹ̀ ni Àdùnní wà títí tó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Igbó Ọ̀ṣun nígbà tó dé, ojú ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń dọdẹ níbi tí wọn ò gbọdọ̀ dọdẹ, àwọn kan ti ń fojú díwọ̀n plọ́ọ̀tì. Kí lobìnrin yẹn ṣe? Ó kó bíríkìlà jọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bíríkìlà! Adébísí Àkànjí tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà lónìí, bíríkìlà ni. Kásálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n da sìmẹ́ǹtì, wọ́n tẹ irin, wọ́n mọ ògiri tó ń ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, wọ́n gbé òrìṣà ga kọjá orí igi kéékèèké. Lọ sún mọ́ Ìyá Mòòpó lọ́jọ́ kan, òrìṣà àwọn aláró àti amọ̀kòkò. Apá ẹ̀ ju méjì lọ, ó na gbogbo ẹ̀ síta. Ara ẹ̀ ò dán, àwọ̀ ewé ti bò ó láti ìsàlẹ̀ wá, bí o bá sì fọwọ́ pa á, wàá mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló mọ ọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí: igbó tí kò ní nǹkan nínú, ẹnikẹ́ni lè sọ pé igbó lásán ni, kó gbé àdá wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé àdá lọ síwájú obìnrin sìmẹ́ǹtì tó ní apá mẹ́ta-mẹ́rin, tó ń wò ó? Ẹ̀rù ba agégi, ojú ti oníplọ́ọ̀tì. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ní 2005 UNESCO náà kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ayé, hẹ́kítà 75. Igi tó wà níbẹ̀ ṣì wà. Ọ̀bọ ṣì ń bẹ lórí ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ àlejò.

Kí n má gbàgbé, ìtàn ìkòkò aró ńkọ́? Bàbá onílé á pa á dé ọjọ́ mẹ́ta, èmi á sọ ọ́ báyìí. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn dé etí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi, igi kan wó sínú odò. Ni ohùn kan bá ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Aláró ni Ọ̀ṣun, o ò mọ̀? Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì kó kúrò létí omi lọ sí òkè díẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni o! Igi kan, wọ́n sì kó ilé kúrò. Èmi á fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn awagóòlù gbọ́ ohùn kankan. Bóyá ó ké. Jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń pariwo.

Nípa ti aró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà fi ọkùnrin kan hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Nicolás García Uriburu, ará Ajẹntínà. Ní 1968 wọ́n ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Venice, ìlú Ítálì tó jẹ́ pé ojú omi ni títì wọn. Wọn ò pè é. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, ó da aró sínú omi ńlá àárín ìlú náà, gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ ewé láti ìhín dé ọ̀hún. Ọlọ́pàá gbé e. Ìgbà tí wọ́n rí i pé aró ọ̀hún ò lè ṣe ẹja ní nǹkan kan, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀. Kò mà jáwọ́ o! Ní 1970 ó ṣe é ní New York, ó ṣe é ní Paris. Arúgbó ti dé sí i ní 2010 tí òun àti Greenpeace fi pa Riachuelo láró ní ìlú ẹ̀, Buenos Aires, odò tí àwọn aláwọ àti onílé-iṣẹ́ ti ń da ẹ̀gbin sí láti ayébáyé.

Mo wo fọ́tò yẹn, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá korò lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan ń wá aró dà sómi kí aráyé lè yíjú wò ó. Tiwa ti láwọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó ń kọjá níwájú wa lójoojúmọ́, a ń béèrè iye tí ẹja jẹ́. Òun tí aró ẹ̀ ò pa kòkòrò, ọlọ́pàá mú un kíá. Àwọn tó ń pa Ọ̀ṣun láró ńkọ́? Lóòótọ́, wọ́n máa ń mú àwọn kan, a máa ń rí wọn nínú ìròyìn, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì níwájú. Ẹni tó ra góòlù lọ́wọ́ wọn, mi ò tíì rí òun kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí.

Ọmọ náà tún fi ti Taiwan hàn mí. Ìyẹn ló pa mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan ní yunifásítì iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ní 2017, wọ́n lọ bu omi ìdọ̀tí ní ibi 100, odò, kòtò, èbúté, gbogbo ibi. Wọ́n dì í ní áìsì onígi, èyí táwọn ọmọdé máa ń lá. Wọ́n wá fi ike tó mọ́ gaara ṣe irú ẹ̀ kan náà, kó má baà yọ́. Ìyàwó, ó rẹwà! Èyí pupa, èyí dúdú, èyí wúrà-wúrà. Ẹnu mi ti fẹ́ máa dátọ́. Ìgbà tí ọmọ yẹn fi fóònù fẹ̀ ẹ́ lójú ni mo rí ìdérí ike, ọ̀rá, àti òróró tó gbá jọ sínú ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ọ̀rá ìwé aláràbarà fún un, bí ọjà gidi. Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi.

Ní São Paulo ní Brazil, oníṣẹ́ ọnà kan, Eduardo Srur, to ìgò irúfẹ́ èyí tí wọ́n ń rọ mínírà sí kalẹ̀ sí bèbè odò Tietê ní 2008, 20 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju yàrá wa yìí lọ, iná sì ń tàn nínú wọn lálẹ́. Kò sí awakọ̀ tó lè sọ pé òun ò rí i. Èyí dára, ṣùgbọ́n ti Salvador, ní Brazil kan náà, ló dùn mọ́ mi nínú jù, torí ọmọ wa ni wọ́n. Adágún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó. Ní 1998, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Tatti Moreno gbé òrìṣà mẹ́jọ dúró sójú omi ọ̀hún gan-an, Ọ̀ṣun wà lára wọn, aṣọ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára wọn, bí ẹni ń jó. Láàárín ìlú o! Bọ́ọ̀sì ń kọjá. Wọ́n kó baba ńlá àwọn èèyàn yẹn lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n sì tún rí ibi gbé Ọ̀ṣun dúró sí lójú omi.

Ṣé o rí ibi tí mò ń lọ? Wọ́n gbé tiwọn sójú omi. Tiwa wà ní bèbè. Àdùnní ò jẹ̀bi, iṣẹ́ tó gbà ló ṣe: àdá ló ń lé, ó sì lé e lọ. Nígbà tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ ba Ọ̀ṣun jẹ́ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ igbó, ère á sì rí i. Ẹni tó ń bà á jẹ́ nísinsìnyí ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà Òṣogbo. Ó wà lókè lọ́hùn-ún, nínú kòtò, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbin ẹ̀ ń bọ̀, ó sì ń gba iwájú gbogbo òrìṣà sìmẹ́ǹtì yẹn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Ère tó yẹ ká mọ báyìí, etí kòtò góòlù ló yẹ kó wà, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ akóyanrìn ń gbà, kó tóbi, kó burú, kí ọmọ awagóòlù fúnra ẹ̀ lọ máa béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ pé ta lèyí. Bí a bá ń to ère sí Òṣogbo nìkan, a kàn ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn ni. Mo ti rí àwọn àlejò lọ́jọ́ ọdún: wọ́n á dúró ti ère, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ayàwòrán á ní kí wọ́n sún sọ́tùn-ún díẹ̀ kí omi má hàn.

Bàbá onílé ní pátákó ló yẹ kí ìjọba gbé síbẹ̀. Pátákó! Pátákó tó wà ní gẹ́ẹ̀tì ilé wọn ní kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀, lọ gbóòórùn ibẹ̀.

Èmi ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ agbolé yìí lọ bu omi Ọ̀ṣun, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀rá gígùn, kí wọ́n dì í, kí wọ́n gbé e sínú kúlà, kí wọ́n máa polówó ẹ̀ lábẹ́ kánópì àwọn ọlọ́lá lọ́jọ́ ọdún. Kò ní ná wọn lówó àwọ̀, ó ti ní tiẹ̀. Ẹni tó bá ní omi ò ṣe nǹkan kan, kó lá a kí gbogbo wa rí i. Ọmọ yẹn pàtẹ́wọ́. Fírísà ló kù. Ta ló ní fírísà nínú agbolé yìí bí kò ṣe ìyá ẹlẹ́ja dídì? Mo lọ bá a. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, obìnrin náà ti bú sẹ́kún, ó ní omi yẹn ò ní wọ fírísà òun láéláé, ẹja títù òun wà níbẹ̀, bí oníbàárà bá gbọ́ ńkọ́. Mo ní, ìyá, ṣé kì í ṣe omi yẹn lẹ mu tẹ́ ẹ fi bímọ ni? Ó ní òun ò jiyàn. Ọmọ ọ̀hún ń jẹ́ Ọ̀ṣunbùnmi o, ìyàwó!

Pa ẹnu ẹ mọ́, òun ló ń yọ lọ́nà yẹn. Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ọ̀ṣunbùnmi! Rárá o, ẹ̀fọ́ là ń já. Ṣé títù wà ní ti ọgọ́rùn-ún márùn-ún?